Ohùn Ìyá, Ohùn Ọmọ

Onínúfùfù ni mí, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Ìyá mi ní láti kékeré ni, pé bí mo bá fẹsẹ̀ gbá òkúta, òkúta náà ni mo máa ń bá jà. Nítorí náà, nígbà tí mo padà sí Minna láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, mo ti rò ó lọ́kàn ara mi pé àwọn tí mo bá níbẹ̀ ni yóò máa wò mí kọ́ṣẹ́. Dókítà tó ń pa ìrora ni mí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn, èmi ni mo máa ń kùn ún lóorun, tàbí kí n gún un lábẹ́rẹ́ tí kò fi ní mọ̀ pé ọ̀bẹ kan òun. Mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn. Ohun tí mo wá fi ọdún méjì kọ́ ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni ti aláboyún nìkan, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀mí méjì ló so mọ́ abẹ́rẹ́ kan.

Ìlú mi ni Minna. Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ìyá mi ń ta aṣọ. Háúsá ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà níta, Yorùbá ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ tí mo bá délé. Mo rò pé mo mọ ìlú náà tinú tẹ̀yìn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ìdákẹ́rọ́rọ́ wọ́ọ̀dù ìrọbí. Ní Ìbàdàn, kí n tó gun àtẹ̀gùn tán ni mo ti máa ń mọ iye àwọn tó ń rọbí lókè. Ọ̀kan á máa pe Olúwa, ọ̀kan á máa pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ọ̀kan á máa gbé ọkọ rẹ̀ ṣépè, á ní tí òun bá tún jẹ́ kó fọwọ́ kan òun láyé, kí wọ́n má pe òun ní ọmọ èèyàn mọ́. Tó bá di ọdún kejì, òun náà nìyẹn, ó tún ti gbé ikùn dé. Ní Minna, obìnrin mẹ́jọ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó jẹ́ pé ìró fáànù nìkan lẹ ó máa gbọ́. Kunya ni àwọn Háúsá ń pè é, ìyẹn ìtìjú tí wọ́n kà sí iyì. Obìnrin tó bá ké nígbà ìrọbí, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ náà á fi gbéyàwó. Núpé ní i, Gbágyí ní i, àwa ará Ìlọrin tá a ti pẹ́ níbẹ̀ náà sì ti kó o. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù yẹn bí ẹni tó dé mọ́ṣáláṣí lásìkò ìrun, n kò ní mọ ibi tí mo lè fẹsẹ̀ sí.

Iṣẹ́ tiwa fúnra rẹ̀ kò sì tíì yé yà mí lẹ́nu títí di òní. A ó ní kí obìnrin náà jókòó, kó tẹ orí ba, kó yọ ẹ̀yìn sí wa. A ó fi àtàǹpàkò wá àlàfo láàárín egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ju ti ìránṣọ lọ ni a ó kì bọ ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí omi kan tó mọ́ gaara yóò fi kán jáde. Omi tó yí ọpọlọ èèyàn ká ni omi yẹn. Oògùn tí a ó fi sí i kò kún ṣíbí ìmutíì. Kí ẹ tó ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹsẹ̀ obìnrin náà á ti gbóná, á wúwo, á sì di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára. Ojú rẹ̀ á là kedere, á máa bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa la ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Subhanallah.

Ẹni tó ń kọ́ wa, ìyá Núpé kan ni, ọmọ Bida, tí ọjọ́ orí wọn ti sún mọ́ ọgọ́ta. Ọ̀gá la máa ń pè wọ́n. Háúsá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Wọn kì í pariwo. Bí inú bá bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn á tún lọ sílẹ̀ sí i. Wọ́n ní àṣà kan tí mo kọ́kọ́ máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà lábẹ́ ìbòmú mi. Wọ́n máa ń fi píọ̀ wọ́tà sínú fíríìjì kó lè dì gbagidi, wọ́n á wá fi aṣọ funfun wé e. Bí wọ́n bá ti gún obìnrin lábẹ́rẹ́ tán, wọ́n á gbé omi dídì yẹn lé e ní èjìká, wọ́n á bi í bó ṣe tutù sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e sí itan rẹ̀, wọ́n á máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀ dé abẹ́ ọmú: ṣé ó tutù bíi ti èjìká? Níbi tí kò bá ti tutù mọ́, oògùn ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ó wà nínú ìwé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní, kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ṣebí obìnrin náà lẹ́nu. Tó bá ń dùn ún, á wí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti àdúgbò Tudun Wada. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ọmọ inú rẹ̀ sì dábùú. Kò sí ọ̀nà míì ju iṣẹ́ abẹ lọ. Ará Ìlọrin ni àwọn èèyàn rẹ̀ bíi tèmi, ṣùgbọ́n Háúsá ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé tó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá. Kí a tó gbé e wọ tíátà, ìyá náà di ọwọ́ mi mú, wọ́n ṣàdúrà pé, "Ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ." Mo ṣe àmín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gún un tí abẹ́rẹ́ bọ́ síbi tó yẹ, orí mi sì wú. Mo mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì, mo fi já a ní ikùn bí ẹni fi èékánná já èèyàn, láti mọ̀ bóyá oògùn ti ràn. Mo bi í ní Háúsá bóyá ó ń dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A'a." Rárá nìyẹn. Mo tún já a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní rárá, ó tún kí mi kú iṣẹ́. Omi dídì wà nínú fíríìjì, n kò wò ó. Mo sọ fún dókítà oníṣẹ́ abẹ pé kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí ọ̀bẹ ṣe la awọ ni Ọ̀gá wọlé. Wọn kò wo ikùn rárá, ojú ọmọbìnrin náà ni wọ́n wò. Láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ ni ètè rẹ̀ ti ń mì, ó ń ṣe àsíkírì, ó ń dárúkọ Ọlọ́run ní àtúnkà; ètè náà ti dúró. Ọ̀gá lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó ti kú fin-ín, gbogbo ọmọ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ká wọnú. Oògùn mi kò ràn dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sókè, ohùn wọn kò sì ju ti ẹni tó ń béèrè iyọ̀ lọ. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, a ti kùn ún lóorun pátápátá. Ọmọ jáde, ó ké, igbe rẹ̀ le débi pé gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ.

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ọmọbìnrin yẹn mọ̀ pé ọ̀bẹ wọ òun lára, kò sì mira. Mo ń wò ó bó ṣe sùn síbẹ̀, mo ń bi ara mi léèrè irú èèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò bú mi. Wọ́n kàn sọ fún mi pé, "O bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ti kọ́ ọmọbìnrin yẹn ní ìdáhùn rẹ̀ láti kékeré. Òtútù ni kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó máa tijú rẹ̀."

Wọ́n ní kí n lọ sọ tẹnu mi fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń ròyìn fún àwọn obìnrin tó kù ní wọ́ọ̀dù pé ìyàwó àwọn kò ké, kò kérora, títí wọ́n fi kùn ún lóorun. Àwọn yẹn ń kan sáárá sí i. Mo la ẹnu mi láti bẹ̀bẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò mí, ó mi orí díẹ̀, bẹ́ẹ̀kọ́. Mo pa ẹnu mi dé, mo béèrè àlàáfíà ọmọ, mo sì jáde. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa méjèèjì la dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí n lọ jókòó ní wọ́ọ̀dù ìrọbí, kí n di ẹsẹ̀ àwọn obìnrin mú, kí n má sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi dé góńgó. Èmi, dókítà ọdún mẹ́fà, kí n máa di ẹsẹ̀ mú! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀ tí ojú mi le bí ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀kan nínú wọn, obìnrin Gbágyí kan tó ti bímọ mẹ́rin tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ó kí mi kú ìjókòó. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè bí ooru ṣe ń ṣe mí sí. Mo ń dá a lóhùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ló ń wù ú sọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi lọ́wọ́ mi ni mo tó mọ̀ pé ìrora ìrọbí tó ti dé góńgó ló ń fi ìkíni bò mọ́lẹ̀. Bí ìrora bá ṣe ń ga ni ìkíni ń gùn. Ìrora lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún dé, ó tún béèrè ọmọ mi, ọmọ tí n kò tíì bí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò wọ́n gidi. Ẹni yìí ń lọ́ etí ìró rẹ̀, ọ̀hún ń ka abẹ fáànù tó jẹ́ mẹ́ta péré ní àkàtúnkà, òmíràn á ní kí n bá òun tún ìbòrí òun ṣe. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Èmi ni n kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kí ìyá mi ní Sabon Gari. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Mo bi wọ́n bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ké lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èmi." Mo rẹ́rìn-ín, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà. A ti ṣa á tó ìdajì, mo tilẹ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n dédé sọ láìgbójú sókè pé, "Ó dùn mí o." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kí n lọ gbé omi ka iná.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n dá abẹ́rẹ́ padà fún mi, mo sì ra aṣọ funfun tèmi tí mo ń wé mọ́ omi dídì. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n parí ẹ̀kọ́ náà nígbà tí ọmọbìnrin Tudun Wada yẹn padà wá. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e dé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lù, oòrùn ti mú. Àkọ́bí rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ìrọbí ti mú un, ojú ọgbẹ́ ìjọ́sí sì ti ń dùn ún. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn dókítà ni pé ojú ọgbẹ́ inú lọ́hùn-ún lè fà ya. Tó bá ya, ìyá lè lọ, ọmọ lè lọ. Iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá.

Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn láéláé. Ó ní kí wọ́n kun òun lóorun bíi ti ìjọ́sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á bí i fúnra òun. Bẹ́ẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán ni, ó sì mu kunu tẹ̀ lé e. Ẹni tó yó bẹ́ẹ̀, tí a bá kùn ún lóorun, oúnjẹ lè gòkè wá kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn dókítà bẹ̀ ẹ́ títí, ó yíjú sí ògiri. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Haba, ìyàwó wa, ìwọ tó o fara dà á nígbà yẹn!" Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo mọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀: ìyìn ìjọ́sí kò jẹ́ kó lè sọ pé ó dun òun. Ọ̀gá wò mí, wọ́n ní kí n lọ.

Mo rọra bẹ ìyá ọkọ náà pé kí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, kí wọ́n bá wa ṣàdúà. Nígbà tó ku àwa méjì, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú padà kíá, ó ní kí n dìde, pé mo ju òun lọ. N kò dìde.

"Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ọ́ nígbà yẹn," mo wí. "Láti ọjọ́ kejì ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ìrora gbé e, ó kí mi kú ìkúnlẹ̀. Ó kí mi kú ooru. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí ó fi lọ sílẹ̀. Nígbà náà ló wá sọ, Yorùbá díẹ̀, Háúsá díẹ̀, pé, "Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Èmi ni mo purọ́."

Mo ní lónìí, n kò ní bi í nípa ìrora rárá. Òtútù nìkan ni mo máa bi í. Mo ní tó bá sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ gómìnà ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó rò ó. Ó ní ṣé òun á gbọ́ ohùn ọmọ? Mo ní insha Allah. Ó nawọ́ sí mi, mo fà á jókòó.

Mo gún un, omi gaara kán, mo fi oògùn sí i. A tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo gbé omi dídì lé e ní èjìká. "Ó tutù." Mo gbé e sí itan. Kò tutù. Ìdodo, kò tutù. Lápá ọ̀tún títí dé abẹ́ ọmú, kò tutù. Lápá òsì, ó dúró, ó ronú. Ó ní ó tutù díẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀dì sí òsì, kí oògùn lè ṣàn síbẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ń wo aago, ẹ̀rọ ń ka ọkàn ọmọ, ó ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi. Mo tún bi í. Ó ní kò tutù mọ́. Dókítà fi irin já a lápá ọ̀tún, ó mi orí, rárá. Ó já a lápá òsì.

"Da zafi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ohùn sókè tí gbogbo tíátà fi gbọ́ ọ: "Ẹ dúró. Ó ń dùn mí."

Ọwọ́ gbogbo wa dúró. Ìyẹn ni ohùn ìyá. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Minna, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi sínú ìbòmú. Èmi tí mo ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi pa ìrora, mo ń dúpẹ́ pé ẹnì kan ní ó ń dun òun. A dúró fún ìṣẹ́jú kan sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú náà le. Mo gbé omi dídì síbẹ̀. Ó ní rárá. Wọ́n já a. Ó ní rárá, ó sì wò mí lójú kí n lè mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ètè rẹ̀ ń mì, kò dúró, títí wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Obìnrin ni. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, nọ́ọ̀sì nu ẹnu rẹ̀, ó wá ké, igbe tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Mo wo ojú ìyá rẹ̀. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún. Kò ṣe ìkankan. Ó ń tẹ́tí, ó dúró jẹ́ẹ́ títí igbe náà fi rọlẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ṣe ké nìyẹn?"

Mo ní rárá o, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ le ju báyìí lọ. Mo ní kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n nu ẹnu òun tó fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi wé e láṣọ ló ń ké. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.